Bí A Ṣe Ń Tọ Ààlà Káúńtì ní Amẹ́ríkà, Láti Inú Ìwé Òfin Dé Orí Ilẹ̀

Àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lára lẹ́tà kì í sọ káúńtì tí ilẹ̀ wà, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó jọ ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. Ìlú Katy, lẹ́bàá Houston ní Texas, bọ́ sínú káúńtì mẹ́ta: Harris, Fort Bend àti Waller. Ilé méjì lè jọ máa jẹ́ Katy lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, síbẹ̀ kí ọ̀kan máa san owó orí ilẹ̀ ní Harris, kí èkejì máa san án ní Fort Bend. Ṣẹ́rífù (olórí ọlọ́pàá káúńtì) wọn yàtọ̀, kóòtù wọn yàtọ̀, ọ́fíìsì akọ̀wé tí ìwé ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ wọ̀ náà yàtọ̀. Ẹni tó bá lọ fi ìwé ilẹ̀ sí ọ́fíìsì káúńtì tí kò ni ilẹ̀ náà, bí ẹni tó fi owó sápò aṣọ aláṣọ ni. Ẹni tó bá wá yẹ ìwé wò lọ́la ní káúńtì tó ni ilẹ̀ kò ní bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí káúńtì kan parí sí gan-an, yálà ó fẹ́ ra ilẹ̀ létí ààlà, tàbí ó ń wá ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ogún àtijọ́, tàbí ó ń ya máàpù sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí ẹ ó mú dání ni pé ọ̀rọ̀ ni ààlà káúńtì, kì í ṣe ìlà. Ilé aṣòfin kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò: bẹ̀rẹ̀ níbí, kọrí síbí, rìn tó báyìí, bó o bá dé etí odò, tọ odò náà lọ. Ẹni tó ya máàpù, ògbufọ̀ lásán ni, ògbufọ̀ a sì máa ṣì í túmọ̀ nígbà mìíràn.

Ìwé òfin ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí

Ìpínlẹ̀ ló ń dá káúńtì sílẹ̀, òun náà ló lè fẹ̀ ẹ́ tàbí kó gé e kù. Nítorí náà, òfin ìpínlẹ̀ lẹ ó máa wá, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ti Nàìjíríà wá ní láti yí èrò padà díẹ̀ níbí: nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n tò sílẹ̀ lábẹ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn kò júwe ìlà wọn. Ní Amẹ́ríkà, ìjúwe yẹn gan-an ni òfin.

Ibi tí ẹ ó ti rí i yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ní California, káúńtì 58 ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn nínú Government Code, láti abala 23101 tó jẹ́ ti Alameda. Los Angeles wà ní 23119, San Francisco ní 23138. Washington kó káúńtì 39 tirẹ̀ sí orí 36.04 nínú RCW, ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà, King County sì wà ní 36.04.170. Florida kó 67 tirẹ̀ sí orí 7 nínú ìwé òfin tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí rọrùn. Texas ni wàhálà pọ̀ sí: káúńtì 254 ni wọ́n ní, ìjúwe wọn sì fọ́n káàkiri inú òfin tó dá ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, òmíràn láti ìgbà tí Texas ṣì jẹ́ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀. Ọdún 1836 ni wọ́n dá Harris sílẹ̀, Harrisburg ló sì ń jẹ́ nígbà náà. Ẹni tó bá ń fi orúkọ Harris nìkan wá òfin ọdún yẹn á wá a tì.

Kí ẹ tó wá ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé káúńtì tiẹ̀ ni ibi tí ẹ ń wá. Louisiana ń pe tirẹ̀ ní parish, 64 ni wọ́n. Alaska ní borough, ilẹ̀ ńlá kan sì wà níbẹ̀ tí kò sí lábẹ́ borough kankan. Virginia ní ìlú 38 tó dá dúró, tí wọn kò sí nínú káúńtì tó yí wọn ká. Baltimore ní Maryland náà dá dúró bẹ́ẹ̀, Baltimore County sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ohun mìíràn pátápátá. A kì í ka iye ìwé tó ti ṣì wọ ibi tí kò yẹ nítorí orúkọ méjì yẹn.

Ẹ wo òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà pẹ̀lú, torí pé òun ló ń de ọwọ́ ilé aṣòfin. Ti Texas kò gbà kí wọ́n gé káúńtì tó ti wà títí tí yóò fi kéré sí 700 máìlì onígun mẹ́rin. Ti Maryland ní káúńtì tuntun kò gbọ́dọ̀ kéré sí 400 máìlì onígun mẹ́rin, kí èèyàn inú rẹ̀ má sì dín ní 10,000. Ó tún ní wọn kò gbọ́dọ̀ yẹ ààlà láìjẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olùdìbò orí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé kúrò fọwọ́ sí i. Bí òfin kan bá wà tí ẹ kò rí ìdìbò tó yẹ kó tẹ̀lé e, ẹ má tíì kà á mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àtúnṣe lórí àtúnṣe

Òfin tó dá káúńtì sílẹ̀ kì í sábà dá ọ̀rọ̀ náà parí. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ pín in sí òpó mẹ́rin: nọ́ńbà òfin àti ọdún rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilẹ̀ tó fi kún tàbí tó gé kúrò, ọ̀rọ̀ ìjúwe gan-an bó ṣe wà nínú ìwé. Ẹ kọ ọ́ láti orí èyí tó pẹ́ jù dé orí tòní. Òpó kejì ló máa ń fa àṣìṣe jù, torí pé ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí òfin kì í sábà jẹ́ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ wo bí èyí ṣe kan ẹni tó ń wá ìwé. Prince George's County ní Maryland, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí lónìí, bẹ̀rẹ̀ ní 1696 láti ara Charles àti Calvert. Nígbà náà, ilẹ̀ rẹ̀ lọ jìnnà sí ìwọ̀-oòrùn ju bó ṣe wà nísinsìnyí lọ. Ní 1748 wọ́n yọ Frederick lára rẹ̀. Ní 1776 wọ́n yọ Montgomery lára Frederick. Oko kan ṣoṣo tó wà ní Montgomery lónìí, ìwé rẹ̀ ti ọdún 1740 wà lábẹ́ Prince George's, ti 1760 lábẹ́ Frederick, ti 1780 lábẹ́ Montgomery. Oko náà kò sún. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ìgbà tiwa yìí: ìlú Takoma Park wà lórí ìlà láàárín káúńtì méjì, wọ́n dìbò ní 1995, nígbà tó sì di July 1, 1997, gbogbo ìlú náà bọ́ sí Montgomery. Ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọjọ́ yẹn ní apá tó jẹ́ ti Prince George's, Prince George's ni kí ẹ ti wá a.

Ọ̀fìn mìíràn ni káúńtì tó wà lórí ìwé ṣùgbọ́n tí kò ní ìjọba. Wọ́n dá Loving County ní ìwọ̀-oòrùn Texas sílẹ̀ ní 1887, ó ní ìjọba ní 1893, wọ́n tú ìjọba náà ká ní 1897, wọ́n so ó mọ́ Reeves, kó tó tún dá dúró ní 1931. Fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, ààlà rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì Reeves ni ìwé rẹ̀ ń wọ̀. Nítorí náà ìbéèrè méjì lẹ ó máa bi ara yín: ta ló ni ilẹ̀ náà, ta ló sì ń tọ́jú ìwé rẹ̀?

Newberry Library ní Chicago ti to gbogbo àyípadà wọ̀nyí fún gbogbo ìpínlẹ̀ sínú Atlas of Historical County Boundaries, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára púpọ̀ láti fi mọ òfin tí ẹ ó lọ ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí òfin náà fúnra rẹ̀.

Kíka ìjúwe náà

Ìjúwe máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Beginning at", ó ń gba "thence" (láti ibẹ̀) kọjá, ó sì ń padà sí "the place of beginning". Gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí "thence", ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà. Ẹsẹ̀ ìrìn kan nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ irú ohun tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ṣé odò ni, ṣé òkè, ṣé igun ilẹ̀ tí ìjọba ti wọ̀n, ṣé ìlà káúńtì mìíràn, ṣé ìdojúkọ (ìhà tí ìlà kọrí sí) àti ìwọ̀n ẹsẹ̀ (gígùn rẹ̀) lásán?

Ní ìpínlẹ̀ 30, púpọ̀ nínú ìlà káúńtì gba orí ìwọnlẹ̀ onígun mẹ́rin tí òfin ọdún 1785 dá sílẹ̀. Táúnṣíìpù kan jẹ́ máìlì 6 sí máìlì 6, ó pín sí sẹ́kíṣọ̀n 36, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máìlì kan sí máìlì kan, éékà 640. Nọ́ńbà wọn kì í lọ bí a ṣe ń kàwé. Sẹ́kíṣọ̀n 1 wà ní igun àríwá ìlà-oòrùn, ó ń lọ sí ọwọ́ òsì dé 6, 7 bọ́ sábẹ́ 6, ó tún yí padà sí ọwọ́ ọ̀tún dé 12, bẹ́ẹ̀ ló ń wọ́ bí ejò títí 36 fi dé igun gúúsù ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá fi sẹ́kíṣọ̀n 7 sábẹ́ 1 ti sọ ìlà káúńtì nù ní máìlì márùn-ún.

Bí ẹ bá rí T4S R6E, táúnṣíìpù kẹrin sí gúúsù àti réǹjì (òpó táúnṣíìpù) kẹfà sí ìlà-oòrùn ni, ṣùgbọ́n láti ibo? California nìkan ní ojú ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́ta: Mount Diablo, San Bernardino àti Humboldt. T4S R6E ti Mount Diablo àti ti San Bernardino jìnnà síra ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì. Bí òfin kò bá dárúkọ ojú ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wo ibi tí káúńtì náà wà kí ẹ tó yàn.

Ní Texas, vara ni ìwọ̀n àtijọ́: íńṣì 33 àti ìdá mẹ́ta íńṣì kan. Vara 36 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 100, 1,900.8 sì jẹ́ máìlì kan. Níbòmíràn, ṣéènì ni: ẹsẹ̀ bàtà 66, líǹkì 100 nínú rẹ̀, 80 ṣéènì ní máìlì. Ẹni tó bá rí "40" láìka ìwọ̀n tó tẹ̀lé e lè fi ìdajì máìlì pe ẹsẹ̀ bàtà 40.

Bí ẹsẹ̀ kan bá sọ pé "tẹ̀ lé ìlà gúúsù ti káúńtì X", ẹ gbọ́dọ̀ lọ ka ìjúwe X. Nígbà mìíràn X náà á sọ pé kí ẹ tẹ̀ lé ìlà àríwá ti tiyín, bí ọmọdé méjì tó ń na ìka síra. Ẹ wá èyí tó pẹ́ jù nínú òfin méjèèjì, òun ló ní ìjúwe tòótọ́. Ẹ sì máa rántí pé ọjọ́ tí wọ́n ṣe òfin náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró lé. Bó bá pe ọ̀nà kan ní ọ̀nà tó lọ sí ìlú báyìí, ọ̀nà ti ọdún náà ni, kì í ṣe títì ọ̀dà tí wọ́n ṣí lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ inú ìjúwe kan bá tako ara wọn ńkọ́? Òfin sọ pé "N 10° E, máìlì 5, dé ẹnu odò" (kọjú sí àríwá, kí o yà ní dígírì 10 sí ìlà-oòrùn), ẹ sì rí i pé máìlì 5 kò dé odò. Ẹnu odò ló borí. Ohun àdáyébá ló ń ṣáájú: odò, òkè, òkúta ńlá. Òpó àti òkúta tí èèyàn rì mọ́lẹ̀ ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ìlà aládùúgbò, lẹ́yìn náà ìdojúkọ, lẹ́yìn náà ìwọ̀n ẹsẹ̀, ìwọ̀n éékà ló gbẹ̀yìn. Ìpínlẹ̀ kan lè fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ ṣáájú ìdojúkọ, nítorí náà ẹ wo ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ yín. Ìdí tí wọ́n fi tò ó báyìí rọrùn: ẹni tó kọ òfin lè ṣì máìlì kà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣi odò mọ̀.

Ẹ fi ìṣirò dán an wò

Kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ wò ó bóyá ìlà náà padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kósáìnì igun rẹ̀ sọ gígùn rẹ̀ di púpọ̀, èyí ni ìrìn sí àríwá tàbí gúúsù. Ẹ fi sáìnì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Àpẹẹrẹ tí a ṣẹ̀dá fún ẹ̀kọ́ nìyí, ẹsẹ̀ bàtà ni ìwọ̀n rẹ̀:

N 30° E, 4,000: àríwá 3,464.1, ìlà-oòrùn 2,000.0
S 60° E, 3,000: gúúsù 1,500.0, ìlà-oòrùn 2,598.1
S 30° W, 4,000: gúúsù 3,464.1, ìwọ̀-oòrùn 2,000.0
N 60° W, 2,990: àríwá 1,495.0, ìwọ̀-oòrùn 2,589.4

Àròpọ̀ àríwá jẹ́ 4,959.1, ti gúúsù 4,964.1. Ó ku 5.0 sí gúúsù. Ìlà-oòrùn 4,598.1, ìwọ̀-oòrùn 4,589.4, ó ku 8.7 sí ìlà-oòrùn. Ìlà náà kò padé: ẹsẹ̀ bàtà 10 ló fi ṣẹ́ kù, nínú ìrìn 13,990, ìyẹn ọ̀kan nínú bíi 1,400.

Ẹ má tíì sinmi. Àṣìṣe náà kọjú sí S 60° E gan-an, ìdojúkọ kan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ kejì, òdìkejì ẹsẹ̀ kẹrin. Èyí ń sọ fún yín pé gígùn ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n ṣì kọ, kì í ṣe igun. Ẹ padà sínú ìwé òfin àkọ́kọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n tún tẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá 3,000 ni wọ́n kọ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó tẹ ìwé ló jẹ́ nọ́ńbà kan. Bí àṣìṣe kò bá bá ẹsẹ̀ kankan dọ́gba, ẹ fura sí igun, tàbí kí wọ́n ti fo odidi "thence" kan.

Ó tún ku àríwá wo ni wọ́n ń sọ. Àwọn awọnlẹ̀ ayé àtijọ́ ń lo kọ́ńpáàsì, àríwá kọ́ńpáàsì kì í sì í ṣe àríwá tòótọ́. Ìyàtọ̀ wọn ń yí padà lọ́dọọdún. Dígírì kan péré lórí ìlà tó gùn ní máìlì 20 yóò gbé òpin rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,843, ó ju ìdá mẹ́ta máìlì lọ. Nítorí náà ẹ wá ọdún tí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi ìyàtọ̀ ti ọdún yẹn ṣe àtúnṣe, kì í ṣe ti ọdún yìí.

Odò

Orí omi ni ọ̀rọ̀ ti ń dijú jù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni apá ibo nínú odò: etí rẹ̀, àárín omi láti bèbè dé bèbè, tàbí ojú ibi tó jìn jù tí ọkọ̀ omi ń gbà? Lórí odò tó fẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jìnnà síra ní ìdajì máìlì. Ẹ ka ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà. "To the river" àti "to the middle of the main channel" kì í ṣe ohun kan náà, "along the bank" sì ń fi omi sílẹ̀ fún ẹni kejì.

Ìbéèrè kejì ni bí odò ṣe yí padà. Bó bá ń jẹ bèbè kan díẹ̀díẹ̀, tó ń da iyẹ̀pẹ̀ sí èkejì, ààlà ń bá odò lọ. Bó bá já ọ̀nà tuntun lójijì, ààlà dúró sí ojú odò àtijọ́, bí ojú náà tilẹ̀ ti gbẹ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà lo òfin yìí ní 1892 nínú ẹjọ́ Nebraska àti Iowa lórí odò Missouri. Ní 1877 odò náà gé kọ́rọ́ kan kúrò lára ara rẹ̀ lẹ́bàá Omaha. Ilẹ̀ tó gé sí ẹ̀gbẹ́ Nebraska ṣì wà ní Iowa, òun ni ìlú Carter Lake lónìí, nínú Pottawattamie County. Ẹni tó ń ti ibẹ̀ lọ sí olú ìlú káúńtì rẹ̀ ní Council Bluffs ń gba Nebraska kọjá.

Kaskaskia ní Illinois tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni olú ìlú ìpínlẹ̀ náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1818. Ní 1881 odò Mississippi ya ọ̀nà tuntun sí ìlà-oòrùn ìlú náà. Ó wà ní ẹ̀yìn odò ní ẹ̀gbẹ́ Missouri lónìí, Missouri ni èèyàn ti ń gbé mọ́tò wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ti Randolph County ní Illinois ló ṣì jẹ́. Nítorí náà, bí ìlà lórí máàpù bá kúrò nínú odò tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ má yára pè é ní àṣìṣe. Ojú odò àtijọ́ lẹ ń wò yẹn.

Ilẹ̀ tí èèyàn fi ọwọ́ dà sínú omi náà kì í gbé ààlà lọ. Ellis Island, erékùṣù kan ní èbúté New York, jẹ́ bíi éékà 3 tẹ́lẹ̀, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí i títí ó fi lé ní éékà 27. Ní 1998 ilé ẹjọ́ ní apá àtijọ́ ti New York ni, èyí tí wọ́n dà ti New Jersey ni. Erékùṣù kan, káúńtì méjì. Ṣóńṣó ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Alameda náà bọ́ sínú San Francisco, torí ìlà òfin gba inú omi kọjá níbẹ̀. San Francisco kan náà ló ni àwọn erékùṣù Farallon tó wà nínú òkun ní bíi máìlì 30.

Orí ilẹ̀

Àwọn baba wa ń gbin pèrègún sí ààlà oko torí pé kì í tètè kú. Àwọn awọnlẹ̀ Amẹ́ríkà lo igi tó wà ní ìtòsí igun, wọ́n fi àáké gé àmì sí i lára, wọ́n kọ irú igi náà, bó ṣe tóbi tó, àti iye líǹkì láti ìdí rẹ̀ dé igun sínú ìwé. Igi ẹlẹ́rìí ni a lè pè é. Ìwé wọn ti ilẹ̀ ìjọba wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí glorecords.blm.gov: ẹ fi ìpínlẹ̀, ojú ìbẹ̀rẹ̀, táúnṣíìpù àti réǹjì wá a.

Ohun tó wà nílẹ̀ ló borí ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀. Bí awọnlẹ̀ ọdún 1855 bá rì òkúta igun sí ibi tó ṣì fi 40 ẹsẹ̀ bàtà, ibẹ̀ ni igun wà. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹ̀rọ tuntun tún un ṣe. Sẹ́kíṣọ̀n kì í sì í jẹ́ máìlì kan géérégé, torí ayé rí róbótó, àwọn ìlà tó kọrí sí àríwá sì ń sún mọ́ra bí wọ́n ṣe ń lọ. Wọ́n máa ń tún un bẹ̀rẹ̀ ní máìlì 24 sí máìlì 24, èyí ló ń mú kí ìlà káúńtì tó gùn tọ́ lójijì yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kó tó tún máa lọ. Ẹ má ṣe tọ́ ọ. Àṣẹ́kù ìwọ̀n, etí àríwá àti etí ìwọ̀-oòrùn táúnṣíìpù ni wọ́n ń tì í sí, nítorí náà sẹ́kíṣọ̀n 1 dé 6, àti 7, 18, 19, 30, 31 ni ẹ ó ti bá ìwọ̀n tí kò pé tàbí tó lé.

Bí ẹ bá rí òpó tàbí idẹ ààlà, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ kọ ohun tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ wú àmì ìwọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura.

Máàpù orí kọ̀ǹpútà

Fáìlì TIGER ti àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń tún un ṣe lọ́dọọdún pẹ̀lú ààlà tó wà ní January 1. Àjọ náà fúnra rẹ̀ sọ pé kíka èèyàn ni wọ́n fi ṣe, kì í ṣe òfin. Ẹ wo Connecticut: láti 2022 wọ́n fi ẹkùn 9 rọ́pò káúńtì 8 nínú ìṣirò wọn. Ẹni tó so dátà ọdún 2020 mọ́ ti 2023 níbẹ̀ á rí ihò.

Káúńtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà oní-díjíìtì márùn-ún tó dúró fún un, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀: Harris 48201, Fort Bend 48157, Prince George's 24033. Ẹ tọ́jú wọn bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí nọ́ńbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ odo tó ṣáájú 06037 ti Los Angeles á jábọ́. Káúńtì sì lè pààrọ̀ nọ́ńbà: nígbà tí Shannon ní South Dakota di Oglala Lakota ní 2015, 46113 rẹ̀ di 46102. Ìlà kò yẹ̀ rárá.

Bí ìlà yín bá yà kúrò ní ibi òkúta ní mítà mẹ́wàá sí ọgọ́rùn-ún, sí ìhà kan náà jákèjádò, ẹ yẹ NAD27 àti NAD83 wò, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ méjì tí wọ́n ń fi tọ́ka ibi lórí máàpù, ẹnì kan ti dà wọ́n pọ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin péré, ẹsẹ̀ bàtà àwọn awọnlẹ̀ tí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì ní òpin 2022 ló dàpọ̀ mọ́ ti gbogbo ayé. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ méjì nínú mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n lórí nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi lórí máàpù, tó tó ẹsẹ̀ bàtà 2,000,000, ó ti di mẹ́rin.

Bí ìlà bá di ìjà

Láàárín káúńtì méjì nínú ìpínlẹ̀ kan, àwọn awọnlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló máa ń jọ lọ wọ̀n ọ́n; bí wọn kò bá gbà fún ara wọn, ó di ti kóòtù ìpínlẹ̀. Kóòtù á wo bí wọ́n ti ṣe lo ìlà náà tipẹ́: ta ló ń gba owó orí níbẹ̀, níbo ni wọ́n ti ń dìbò? Ìlà tí gbogbo ayé ti gbà fún ọgọ́rin ọdún ṣòro láti yẹ̀, bí kò tilẹ̀ bá ọ̀rọ̀ òfin mu. Bó bá jẹ́ pé ààlà ìpínlẹ̀ náà ni, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tàbí àdéhùn ìpínlẹ̀ méjèèjì ni. North Carolina àti South Carolina yan àdéhùn. Igi tí wọ́n fi sàmì ìlà wọn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ti kú tán, wọ́n sì lo ọ̀pọ̀ ọdún láti tún ojú ìlà náà wá. Nígbà tó di January 1, 2017, ilé 19 jí sí ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn onílé sì ní láti pààrọ̀ ìwé ìwakọ̀ àti ibi ìdìbò.

Bí ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà bá wà létí ààlà, ẹ gba awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ náà, kí ẹ sì sọ fún un kó fa ìlà káúńtì sórí pílánì, kó kọ nọ́ńbà òfin tó tọ̀ àti òkúta tó rí nílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìlà bá gba àárín ilẹ̀ náà kọjá, ẹ forúkọ ìwé sílẹ̀ ní káúńtì méjèèjì. Owó méjì lẹ ó san, kò pọ̀.